Kíbọ́ọ̀dù Kò Mọ Ọjọ́

Ẹ yọ fláàṣì lára kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò yín, ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà níwájú àwọn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí rẹ̀. Kò ní yà mí lẹ́nu bí gbogbo wọn bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo: ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1980. Orin ìkórè èṣí, orin ìsìnkú bàbá ìjọ, ègbè tuntun tí ọ̀gá akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ hun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ kan náà ni kọ̀ǹpútà sọ pé wọ́n bí gbogbo wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọmọ tó tẹ dùrù náà lè má tíì dáyé. Lára kíbọ́ọ̀dù mìíràn, ọdún náà lè sún mọ́ wa díẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe é ti yan ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà yóò máa lẹ̀ mọ́ gbogbo fáìlì. Irọ́ kan náà ni, aṣọ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Èmi rò pé kò yẹ ká kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọjọ́ tí irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kọ sára orin kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Iṣẹ́ ẹni tó tẹ orin ni láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ sínú orúkọ fáìlì, kó sì ṣe é kí ọjọ́ náà tó ṣú.

Kíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Kò ní aago ni. Kọ̀ǹpútà àti fóònù ní aago kékeré kan nínú tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí a bá ti pa wọ́n pàápàá: ègé kuọ́tísì kan tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti bátìrì tó ń bọ́ ọ. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, bátìrì ọ̀hún pẹlẹbẹ bí ẹyọ owó, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kíbọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni wọn kò fi í sí. Bí iná bá ti lọ, tàbí tí a fa wáyà yọ, kò sí ohun tó ń ka àkókò nínú wọn mọ́. Nígbà tí a bá wá ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi orin pamọ́ sórí fláàṣì, ètò tí wọ́n fi ń to nǹkan sínú fláàṣì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní FAT, ti ya àyè kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́, kíbọ́ọ̀dù kò sì ní ọjọ́ tó lè fi síbẹ̀. Àyè ọdún nínú ètò náà kò ju bíìtì méje lọ. Kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1980, ó sì parí sí 2107. Kò sí ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1980 nínú rẹ̀. Ìdí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò mọ ọjọ́ máa ń jókòó sí.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti wà nírú ipò yìí rí. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà ara ẹni jáde ní oṣù Ògún 1981, kò sí aago oníbátìrì nínú rẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tàn án, DOS, ètò tó ń darí rẹ̀, á béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Ẹni tí kò bá ráyè dáhùn, tó kàn tẹ bọ́tìnnì kọjá, inú ọdún 1980 ló ti ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí PC AT ti IBM dé ní 1984 ni aago tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: ẹ̀rọ 1981 yẹn mọ̀ pé òun kò mọ ọjọ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù òde òní tó lè sín fèrè, gòjé, àti oríṣiríṣi ìlù jẹ kì í béèrè. Á kàn mú ọjọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orin, á sì dákẹ́. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe é ni mo ka ìyẹn sí, n kò sì rí ìdí tí a ó fi bò ó mọ́lẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa yóò ti máa bi mí pé kí ni mo ń pariwo sí. Ṣebí ètò kéékèèké wà, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí a lè fi tún ọjọ́ ara fáìlì ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan? Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọjọ́ náà ń gbé. Kò sí nínú orin. Ara ìwé orúkọ tí fláàṣì ń lò láti mọ àwọn fáìlì tó wà nínú rẹ̀ ló wà, bí ìgbà tí a fi ẹfun kọ ọjọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá tí ayálégbé ń gbé. Bí ayálégbé bá kó lọ sílé mìíràn, onílé tuntun ni yóò pinnu ohun tí yóò kọ sára ilẹ̀kùn tirẹ̀. Nínú Windows, bí ẹ bá da fáìlì kọ láti inú fláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ ìyípadà rẹ̀ á tẹ̀ lé e wá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Windows pè ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ á di òní. Fáìlì kan náà ti ní ọjọ́ méjì báyìí, 1980 àti òní, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tẹ orin. Ẹ wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwọn akọrin ti máa ń ṣe: orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lè di AUD-20251118-WA0004. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka nọ́ńbà àárín yẹn sí ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀. Ọjọ́ tí orin gba orí WhatsApp kọjá ni. Bí ẹ bá fi ṣe dọ́kúmẹ́ǹtì dípò ohùn, orúkọ tí ẹ sọ ọ́ kò ní yí padà, ohun tó sì yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin máa ṣe nìyẹn.

Inú fáìlì gan-an kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì MIDI, irú èyí tó ń pa títẹ̀ ìka mọ́ dípò ohùn, mọ̀ pé nóòtì yìí tẹ̀ lé nóòtì yẹn lẹ́yìn ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Kò mọ ọdún tí a wà. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún irú fáìlì yìí ní 1988 fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀, fún orúkọ orin, àti fún gbólóhùn kọ́píráìtì tó ní ọdún nínú, ṣùgbọ́n kò ya àyè kankan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ ìgbàsílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Yúróòpù rí irú àìtó yìí nínú WAV, irú fáìlì tó ń pa ohùn fúnra rẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ́ EBU sì gbé oríṣi WAV kan jáde ní 1997 tó ní àyè tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sínú fáìlì fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohùn tí kò ní ọjọ́ yóò di ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ WAV lásán ni kíbọ́ọ̀dù sábà máa ń kọ, bó bá sì kọ ti EBU pàápàá, kí ni ẹ̀rọ tí kò ní aago fẹ́ kọ síbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni ìgbà tí a bá fẹ́ tọ́jú orin. WAV tó bá wà ní ìwọ̀n ohùn CD ń gba mẹ́gábáìtì mẹ́wàá ó lé ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún ti di bíi mẹ́gábáìtì 53. Fláàṣì á kún, ẹnì kan á sì ní kí wọ́n pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́. Èwo ló pẹ́? Kọ̀ǹpútà á to gbogbo orin kíbọ́ọ̀dù jọ bí ohun tó ti lé ní ogójì ọdún, wọn ni yóò sì wà níwájú lọ́jọ́ ìpalẹ̀mọ́. Àwọn ètò ìtọ́jú ẹ̀dà kan tún wà tó jẹ́ pé ohun tó bá yí padà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń kó. Irú ètò bẹ́ẹ̀ á wo orin tí ẹ gbà lánàá, á rí 1980 lára rẹ̀, á sì fò ó, ẹ̀yin á sì máa sùn lórí ìgbàgbọ́ pé ẹ̀dà wà níbì kan. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Kíbọ́ọ̀dù fẹ́ràn láti máa fi nọ́ńbà sọ orin lórúkọ, 001, 002, 003, bí ẹ bá sì pààrọ̀ fláàṣì, kíkà náà lè tún bẹ̀rẹ̀ láti 001. Lọ́jọ́ tí fláàṣì méjì bá pàdé nínú fódà kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà á béèrè pé ṣé kí 001 tuntun rọ́pò 001 àtijọ́, á sì fi inú rere gbé ọjọ́ àwọn méjèèjì síwájú yín kí ẹ lè yan èyí tó tọ́: 1980 àti 1980. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Lórí fláàṣì yìí, kò sí ọjọ́ kankan tí òtítọ́ fẹ́ gbà lé e.

Ṣùgbọ́n ṣé ohùn kọ́ la ń gbọ́ ni, àbí déètì? Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nìyí, nítorí pé olórin tòótọ́ ló máa ń sọ ọ́. Orin tó dára dára, ìbáà jẹ́ lọ́dún wo. Mo gbà. Ẹni tó bá sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ìgbádùn ara rẹ̀ nìkan lè fò gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí láìjẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí orin náà bá di iṣẹ́. Òfin kọ́píráìtì tí Nàìjíríà ń lò báyìí, èyí tí wọ́n pè ní ti 2022 tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, kò ní kí olórin lọ forúkọ orin sílẹ̀ kó tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí orin náà jẹ́ làálàá ẹni náà, kó sì ti wà lórí nǹkan kan tí a lè tún ti ibẹ̀ gbọ́ ọ. Fún ẹni tó ń hun orin lórí kíbọ́ọ̀dù láìkọ nóòtì kankan sí ìwé, àsìkò tó tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ibi tí òfin lè rí i. Bí ẹlòmíràn bá wá sọ lọ́la pé òun ló kọ́kọ́ hun ún, ìbéèrè tí yóò ṣáájú ni pé nígbà wo. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, sì fẹ́ kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà tó mú ẹ̀rí jáde ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ ní àkókò tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ fojú inú wo lọ́yà tó gbé fáìlì 1980 wá síwájú adájọ́ láti jẹ́rìí sí orin tí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún hun.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí tún kan àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1922, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti kọ orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a ṣì mọ ọdún tó jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ àwo nígbà náà kò ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n a máa ha nọ́ńbà sára àwo, wọ́n a sì kọ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ọjọ́ sínú ìwé ńlá kan. Bí àwo bá fọ́, ìwé á dúró. Ìtìjú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí gìgábáìtì kún ọwọ́ wa, pé orin tí ẹgbẹ́ akọrin wa kọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, a kò lè sọ oṣù rẹ̀ láìjẹ́ pé a pe ènìyàn mẹ́ta lórí fóònù.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ sọ orin lórúkọ tó ní ọjọ́ nínú, kí ẹ kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2025-11-16-ikore-1. Bí ìlànà àgbáyé tí ń jẹ́ ISO 8601, tó ti wà láti 1988, ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì wúlò: kọ̀ǹpútà ń to orúkọ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún bí ìwé atúmọ̀ èdè, nítorí náà orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún á to ara rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ láìwo ọjọ́ èké tí kíbọ́ọ̀dù fún un. Bí a ti ń kọ ọ́ nílé, ọjọ́ ṣáájú, á dàrú mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tí atẹdùrù Ìbàdàn bá fi orin ránṣẹ́ sí ọmọ ìjọ tó wà ní Houston: 03-04-2025 jẹ́ oṣù kẹrin níhìn-ín, ó jẹ́ oṣù kẹta lọ́hùn-ún. Kíbọ́ọ̀dù tí kò bá gba orúkọ gígùn, 251116A náà á wọlé. Ó dùn mí láti sọ èyí nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì ohùn kúrò nínú orúkọ fáìlì tí ẹ fẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù kà, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ ọ́ di wúruwùru. Ìwé kékeré kan tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tí a ń kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún orin àti ọjọ́ rẹ̀ sí, á tì í lẹ́yìn. Ìwé náà ló ṣe pàtàkì jù níbi tí kíbọ́ọ̀dù kò bá ti gbà ká yí orúkọ padà rárá, tó di pé a ní láti dúró dìgbà tí a bá dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Irú ìsọmọlórúkọ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Abíọ́dún, Abíọ́nà, Abọ́sẹ̀dé: orúkọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí ọmọ dé tàbí ibi tó ti dé, ibikíbi tí ọmọ náà bá sì lọ, ìtàn náà bá a lọ. Àwọn àgbà wa tí wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí tún mọ ọ̀nà kejì, èyí tí kò dára. Wọ́n mọ ohun tí ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ń ṣe nínú fọ́ọ̀mù: akọ̀wé kò fẹ́ àlàfo, ẹni tí a ń kọ orúkọ rẹ̀ kò mọ ọjọ́, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tó rọrùn. Ohun tí kíbọ́ọ̀dù ń ṣe gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún orin àtijọ́ tò kò gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti akọ̀wé. Bí ọdún nìkan lẹ mọ̀, ẹ kọ 2019, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ oṣù, 2019-08. Àlàfo tó hàn gbangba sàn ju ọjọ́ tí a fi pa àlàfo mọ́.

Ẹnì kan á ní ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lè kọ ọjọ́ tó wù ú sínú orúkọ fáìlì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì lè fi àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan yí ọjọ́ ti kọ̀ǹpútà náà padà, nítorí náà kò sí èyí tó fi ibì kankan le fún òpùrọ́ ju èkejì lọ. Ohun tó ṣòroó parọ́ ni àṣà: ìwé tó ní ọgọ́ta orin léraléra, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ọjọ́ inú rẹ̀ bá ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìfidánrawò mu, tí àwọn akọrin mìíràn sì rí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bí orin kan bá tún wá ṣe pàtàkì sí yín ní ti owó, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí ímeèlì lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ọjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín.

Ti àwọn tó ní kí a kúkú máa fi fóònù gba orin, kí ọ̀rọ̀ aago tán, n kò ní fi ọ̀pọ̀ àkókò dá wọn lóhùn. Fóònù mọ ọjọ́ lóòótọ́. Ó tún ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti àkùkọ aládùúgbò, èyí tí wáyà tó ti inú kíbọ́ọ̀dù lọ sórí fláàṣì kì í gbọ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú kíbọ́ọ̀dù níbi tó ti kọ nọ́ńbà orin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ìyẹn á wúlò bí ẹlẹ́rìí. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ kó gba orin rẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù ló jẹ wá ní aago, tàbí kí ẹ̀rọ wọn ó kéré tán máa béèrè ọjọ́ bí a bá tàn án, gẹ́gẹ́ bí DOS ti ń ṣe ní 1981. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ọjà Àlàbá ní Èkó àti níbòmíràn lè bá wa béèrè lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ ohùn yín. Ní tiyín, ẹ̀yin atẹdùrù, ẹ má dúró dè wọ́n. Orin tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ṣì wà lórí fláàṣì, ọdún 1980 ló wà lára rẹ̀. Ẹ tún un sọ lórúkọ lónìí, nígbà tí ẹ ṣì rántí ọjọ́ tó jẹ́.